Aṣọ Funfun Bàbá Ẹ-má-tíì-dì-í

Títí dòní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Alàgbà Làtífù ní àdúgbò Agric, ọjọ́ tó lé àwọn oníbàárà jáde ní ṣọ́ọ̀bù Kabir, tó ń ta ẹ̀rọ, ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rántí. Bàbá fẹ́ ra purojẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Kabir tan án, àmọ́ ògiri aláwọ̀ ewé ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn inú àwòrán náà sì di aláwọ̀ ewé.

"Ṣé ibà ń ṣe àwọn èèyàn inú ẹ̀ ni?" Bàbá bi í. Ó fa aṣọ funfun kan yọ nínú àpò, ó ní kí wọ́n fi ìṣó mẹ́rin kàn án mọ́ ògiri.

"Bàbá, aṣọ yìí mà mọ́ o! Níbo lẹ ti rà á?" Kabir bi í.

"Ẹ̀pẹ́ ni. Òun ni wọ́n máa fi sin mí."

Oníbàárà mẹ́ta ló sá jáde. Ọ̀kan gbàgbé bàtà. Bàbá ní, "Aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ sọ́run, ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ láyé ni?"

Bó ṣe rí nìyẹn. Kò sí ohun tó rà rí tí kò dán wò. Bó bá fẹ́ ra àga, á jókòó sórí ẹ̀ títí oorun á fi gbé e lọ. Bí ọlọ́jà bá sì ti nawọ́ sí ọ̀rá, á ní, "Ẹ má tíì dì í." Ìyẹn ni wọ́n sọ di orúkọ mọ́ ọn lára.

Fíìmù kọ́ ló ń wá. Ojú ìyàwó rẹ̀, Mùlíkátù, ló ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Hanifah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, bímọ sókè òkun, ó fi fídíò ọmọ náà ránṣẹ́ sórí fóònù. Ìyá gbé e súnmọ́ ojú títí, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló rí. Dókítà sì ti ní ìwọ̀nba ojú tó kù kò ní pẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá wọ egungun.

"Ṣé ìyàwó mi máa rí i?" Ìbéèrè tó jẹ ẹ́ lógún jù lọ́dọ̀ Kabir nìyẹn.

"Bàbá, ẹ gbé e lọ sílé, kẹ́ ẹ lọ dán an wò, kẹ́ ẹ sì gbé e padà wá."

Nílé, oòrùn ọ̀sán pa àwòrán rẹ́. Bàbá kan aṣọ funfun náà mọ́ ògiri pálọ̀, ó fi ìró Ìyá mẹ́fà dí fèrèsé. Pálọ̀ kéré, àwòrán kò tóbi tó. Ó gbé ẹ̀rọ náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó máa tàn gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ibẹ̀ ni Fọláwùmí, tí wọ́n jọ ń gbélé, gbé omi gbà kọjá.

"Bàbá Hanifah! Kí ló gbé garawa gba ojú ọmọ mi kọjá?" Ìyá ké láti pálọ̀.

Bàbá fò sókè. "O rí garawa?"

"Mo rí i."

"Ó rí garawa o! Fọláwùmí, jọ̀ọ́, yà fún wa!"

Ìyá súnmọ́ aṣọ náà, ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. "Bàbá Hanifah, imú yín rèé," ló wí, ó sì bú sẹ́kún.

Bàbá gbé ẹ̀rọ náà padà lọ bá Kabir, bí wọ́n ṣe jọ sọ ọ́.

"Bàbá, kí ló tún ṣe é?"

"Dì í."

Kabir ní òun bi í lẹ́ẹ̀mejì, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ rí.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi wo ọmọ náà, lójoojúmọ́, kí ojú Ìyá tó ṣú pátápátá. Kò pẹ́ sí i tí Bàbá fi kú. Wọ́n gbé e gba ọ̀nà Agbowa lọ sin sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí ihò ìṣó lára aṣọ náà, wọ́n ní àwọn á ra tuntun. Ìyá kọ̀ jálẹ̀.

Wọ́n wé e tán, wọ́n mú okùn.

"Ẹ má tíì dì í," Ìyá wí.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ìyá ń fọwọ́ wá etí aṣọ náà lọ títí ìka rẹ̀ fi bọ́ sínú ihò ìṣó kan. Ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ dì í."