Òwú Tí A Fi Dí Ọ̀nà Eléèédú

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi fóònù jà, ẹ gbọ́ tiwa. Nígbà ọyẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn, òwú lásán ni àwa alòfì, àwa ahunṣọ Ìsẹ́yìn, fi dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró.

Àwọn eléèédú wá ń sun igi di èédú lẹ́yìn àdúgbò wa, tọ̀sán-tòru. Èéfín rẹ̀ pọ̀ débi pé adìẹ mi ń wọlé sùn kí a tó kírun alaásárì, tí wọ́n rò pé ilẹ̀ ti ṣú. Mo tilẹ̀ fi àdá gé èéfín náà lọ́jọ́ kan kí n tó rí ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ṣùgbọ́n èyí tó kàn yìí, n ò fi iyọ̀ sí i: ìyàwó mi, Ìyá Rámọ́tà, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Bó bá dùbúlẹ̀, àyà rẹ̀ á máa han bíi fèrè. Ìjókòó ló ń sùn, ẹ̀yìn lára ògiri. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á máa tòògbé nídìí òwú.

Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé, "Bàbá, oògùn ikọ́ nìkan kò lè ṣe é. Èéfín yẹn ló ń mú ọ̀nà èémí wọn wú. Ẹni tí kò bá rí èémí mí dáadáa, oorun rẹ̀ kò lè jinlẹ̀. Ẹ gbé wọn jìnnà sí i."

"Kí n gbé ìyàwó mi sá kúrò nílé wa? Ṣé èéfín kọ́ ni àlejò?"

A lọ sí káńsù títí, "ẹ padà wá" ni wọ́n ń wí. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Tiwa wá yàtọ̀: Múfú, Àlùhájì eléèédú, ló ń jẹ kòkòrò, àwa là ń wúkọ́. Ọmọ alòfì sì ni o! Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so òwú.

Alòfì a máa na òwú gbọọrọ síwájú òfì, a ó gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ kó lè le. Òfin wa sì ni pé ẹni tó bá já a gbọ́dọ̀ jókòó so ó, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Bí a ti kírun àsùbá tán lọ́jọ́ Ajé kan, a gbé òfì lọ sójú ọ̀nà ibi èédú, a na òwú funfun dábùú rẹ̀. Ọkọ̀ èédú dé. Ọmọ àdúgbò wa ló ń wà á. Ó pa iná ọkọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ ká a kúrò."

"Wà á kọjá. Ta ló dì ọ́ mú?"

"Kí n wá máa so òwú títí di Iléyá? Orí mi kò dàrú o!" Ó lọ jókòó sábẹ́ igi.

Múfú fúnra rẹ̀ dé nínú agbádá funfun. "Bàbá Rámọ́tà, iṣẹ́ ni mo ń pèsè fún ìlú!"

"Ikọ́ lo ń pèsè."

Inú bí i. Ó ní òun yóò kọjá, ó gbẹ́sẹ̀, òwú já ṣàà. Mo nawọ́ sí ìdí òwú.

"Múfú, jókòó."

"Èmi Àlùhájì?"

"Mẹ́kà tí o lọ kò so òwú. Jókòó."

Ó jókòó. Atẹ́gùn gbé èéfín rẹ̀ bò ó níbẹ̀. Kí oòrùn tó kàtàrí, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ikọ́ ti gbé e, ó ní kí a fún òun lómi. Ìyá Rámọ́tà ló bù ú wá.

"Rọra mu ún, Àlùhájì. Òwúrọ̀ kan péré lo fi fà á símú. Oorun oṣù mẹ́rin ló gbà lọ́wọ́ mi."

Ìgbà tó so fọ́nrán ìkẹyìn tán, ó ní òun yóò kó kúrò. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́ta ni akọ̀wé. Mo kọ àdéhùn pé kó kúrò ní Ìsẹ́yìn, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Oṣù náà kò parí tó fi kó lọ.

A ṣẹ́gun. Ìyá Rámọ́tà ń dùbúlẹ̀ sùn báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ọyẹ́ bá dé, àyà yẹn á tún han. Nọ́ọ̀sì ní kò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ọlọ́gbọ́n gbàgbé láti kọ ibi tí èéfín kò gbọdọ̀ lọ. Abúlé àgbẹ̀ kan lọ́nà Ṣakí ni Múfú kó iṣẹ́ èédú rẹ̀ lọ. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ alòfì ní kò kàn wá mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń jẹun lọ́wọ́, Ìyá Rámọ́tà wò mí. "Bàbá Rámọ́tà, àwọn tí ẹ darí èéfín mi sí, ṣé wọ́n ń sùn?"

Èmi náà, n ò rí irọ́ kan pa. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, a ń di òfì sẹ́yìn ọkọ̀, ó di abúlé yẹn. Ẹni tó bá ní ìjà ti parí, kó wá sọ ọ́ fún mi lójú ọ̀nà.