Àdín Lórí Sìmẹ́ǹtì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé kíláàsì Àǹtí Fúnmi ní Òkìtìpupa, kété lẹ́yìn ọdún 1990, ẹ̀rín ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́sàn-án di ọparun tí wọ́n kàn mọ́ ògiri mú, wọ́n ń na ọrùn bí ẹni tó ń yọjú wo ilé aládùúgbò. Báléètì ni Àǹtí pè é, ijó orí ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Ìbàdàn ló ti bá ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba wá, gbọ̀ngàn ìjọ kan ló sì ń lò. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi. Bí mo bá fẹ́ jókòó, àfi kí n di ògiri mú.

Àwa ọmọ Ìkálẹ̀, à ń tẹ orúnkún jó ni, ilẹ̀ la mọ̀. Àǹtí ní ká gbàgbé ilẹ̀. Ọdún mẹ́ta la fi ń gbàgbé rẹ̀, láràárọ̀ kí a tó lọ sílé ìwé, láìwọ bàtà. Bọ̀sẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹja gbígbẹ, ló mọ̀ ọ́n jó jù. Èmi ló tẹ̀ lé e, ó sì máa ń dùn mí.

Nígbà tó yá, obìnrin kan wá láti ilé ẹ̀kọ́ ijó kan l'Ékòó. Ọmọ kan ṣoṣo ló fẹ́ mú, tí wọn yóò kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ títí yóò fi máa fi ijó jẹun. Ẹsẹ̀ ń ro mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ni mo bá fi àdín ìyá mi ra àtẹ́lẹsẹ̀ dáadáa. Ní Ìkọ̀yà, ìlú tiwa, kò sí ohun tí àdín kì í wò.

Èmi ni mo kọ́kọ́ jó. Mo mọ ohun tí mo fi para, nítorí náà mo rọra ń gbé ẹsẹ̀. Bọ̀sẹ̀ tẹ̀ lé mi. Ó fò, ó fi ìdí balẹ̀ gbì. Ó dìde, ó tún ṣubú. Àlejò wa mi orí, ó ní ti àkọ́kọ́ yẹn lòun máa mú, ó sì béèrè orúkọ mi.

Bọ̀sẹ̀ fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí. Ọkàn mi kò gbà á mọ́.

"Àǹtí, àdín ni. Ẹsẹ̀ mi ló ti wá."

Mo rò pé yóò lé mi. Omi àti ọṣẹ ló ní kí wọ́n gbé wá. Èmi àti Àǹtí kúnlẹ̀, a fọ ilẹ̀ náà lójú gbogbo ènìyàn. Ó sọ fún àlejò pé olùkọ́ ló yẹ kó wo ilẹ̀ kí ọmọ tó fò, ẹ̀bi òun ni. Bọ̀sẹ̀ tún un jó. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó tún béèrè orúkọ mi.

Ọjọ́ méjì ni mo fi sunkún. Ní ọjọ́ kẹta, Àǹtí wá bá ìyá mi.

"Màmá, ẹ yọ̀ǹda ẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ kó máa bá mi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké."

Ìyá mi béèrè pé ṣé iṣẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ni o. Títí dòní, òun ni mò ń jẹ, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó bá mi kúnlẹ̀. Ká ní mo pa ẹnu mọ́ ni, ǹ bá lọ sí Èkó lóòótọ́. Ipò Bọ̀sẹ̀ ni ǹ bá máa jó níbẹ̀, èmi àti òun nìkan ni ì bá sì mọ̀.