Orín Ọ̀gá Ẹlẹ́rọ

Mi ò lè rí orín kí n má rántí òmùgọ̀ ọ̀gá ẹlẹ́rọ tó ń bá wa lọ èlùbọ́ ní Manígìrì láyé òyìnbó Faransé. "Mo ti ṣiṣẹ́ ní Kùtọnu!" kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, orín náà kì í kúrò níbẹ̀.

Irin kékeré kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà. Bí ilẹ̀kùn bá tì, á tẹ irin náà mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́; bí ó bá ṣí, ẹ̀rọ á dúró. Lọ́jọ́ tí èlùbọ́ dí irin yìí, tí ẹ̀rọ kọ̀ṣẹ́, ìyẹ́ adìẹ lásán là bá fi gbá a kúrò. Ọ̀gá yọ orín ẹnu rẹ̀, ó fi há irin náà mọ́lẹ̀. Ni ẹ̀rọ bá ń lọ ní ilẹ̀kùn ṣíṣí, ó sì ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ọwọ́ yín o!" ni ìyá mi kígbe.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Ìka rẹ̀ méjì bá èlùbọ́ lọ. Nígbà tó ti ilé ìwòsàn Jùgú dé, ó ní, "Orín yẹn ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù." Ó sì fi ọwọ́ òsì gé èyí tó nípọn.