Erùpẹ̀ Ẹ̀yìn Yàrá

Ẹni tó bá mọ Ìyá Aránṣọ mọ̀ pé kì í bẹ ènìyàn níṣẹ́ tí ọwọ́ tirẹ̀ bá lè ká. Nígbà tí dókítà ní ọ̀rinrin ara ògiri ló ń mú ọkọ rẹ̀ wúkọ́, pé Bàbá kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá yẹn mọ́ àfi tí ògiri bá gbẹ, kò ké sí ẹnikẹ́ni. Ó mú ọkọ rẹ̀ lọ sílé ọmọ wọn obìnrin, ó padà wá, ó sán aṣọ mọ́ ìdí.

Ẹ̀yìn yàrá ni ọ̀rọ̀ wà. Àlàfo tóóró kan wà láàárín ògiri àti ọgbà onípákó tó pààlà ilé wọn pẹ̀lú oko ẹ̀fọ́ Tíṣà, aládùúgbò wọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti pẹ́ tí òjò ti ń gba abẹ́ pákó wọ́ erùpẹ̀ oko wá síbẹ̀, títí tó fi ga dé ìbàdí ènìyàn, tó sì ń fa omi sára ògiri. Ṣọ́bìrì kò ṣe é fì níbẹ̀. Ìyá Aránṣọ mú ọkọ́ kékeré, ó fẹ̀gbẹ́ wọlé bí alákàn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Láti kékeré ni obìnrin yìí ti ń ránṣọ, ohun tí abẹ́rẹ́ bá sì ti kàn tán, ẹ̀yìn ló ń gbà lọ, kì í tún yíjú wò ó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe erùpẹ̀. Ó gbẹ́ tiwájú, ó tì í sẹ́yìn, ó ń tẹ̀síwájú, inú rẹ̀ ń dùn. Ìgbà tó fẹ́ jáde ló tó rí i pé òkìtì ti dí ọ̀nà. Erùpẹ̀ kò dín rárá, ipò ló kàn pààrọ̀.

"Ta nìyẹn?" Tíṣà pariwo láti inú oko. "Olè!"

"Olè wo ló ń jí erùpẹ̀? Èmi ni, Tíṣà."

"Ìyá Aránṣọ! Kí lẹ wá dé ibẹ̀?"

Ó fẹ́ purọ́, àmọ́ ó rántí ohùn ọkọ rẹ̀ lórí fóònù láàárọ̀: "Ìgbà wo ni mò ń bọ̀ wálé? Wọ́n ń tọ́jú mi bí àlejò níbí." Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo fẹ́ kí ọkọ mi padà wálé."

Tíṣà kò fi í ṣẹ̀sín. Ó mú òòlù, ó yọ pákó mẹ́ta.

"Ẹ tì í síbí," ó ní. "Erùpẹ̀ oko mi ni, ẹ jẹ́ kó padà sílé."

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí oòrùn tó wọ̀, ìdí ògiri ti hàn. Tíṣà kan pákó padà, ó to búlọ́ọ̀kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí erùpẹ̀ má baà tún ráyè wọlé.

Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ló ṣe ìyókù. Nígbà tí ògiri gbẹ tán, dókítà gbà, Bàbá sì padà wálé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wọ yàrá lọ sùn, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó sídìí ẹ̀rọ ní pálọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń ránṣọ pẹ̀lú ìró ikọ́ ọkùnrin yìí, débi pé etí rẹ̀ ti gbà á. Lọ́sàn-án yìí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó tẹ́tí sílẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Àyà rẹ̀ já, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà yàrá.

Bàbá la ojú kan.

"Mi ò tíì kú o," ó ní. "Padà sídìí iṣẹ́ rẹ, jẹ́ n sùn."