Ọkọ̀ Ọ̀gá Dátà Há sí Ẹrẹ̀ Abúlé Wa

Ẹ bá mi yọ̀! Ọ̀gá tó ní kò sẹ́ni tó ń gbé abúlé wa, ẹrẹ̀ wa ti gbé ọkọ̀ ẹ̀ mì lónìí.

Òun ló wá ṣèpàdé l'Ọ̀kà nígbà tí ìjọba fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà ọ̀dà máa gbà. Ó ní kọ̀ǹpútà ti wo ibi tí fóònù gbogbo èèyàn ń sùn ní Àkókó, kò sì rí ẹyọ kan lábúlé wa.

Mo ní, "Ọ̀gá, a ò níná. Ìkàrẹ́ la ń kó fóònù lọ ṣáàjì, ibẹ̀ ló ń sùn mọ́jú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, dátà kì í parọ́."

Bí ọ̀nà ṣe fò wá nìyẹn. Iṣu wa ń jẹrà lóko.

Lónìí, mo ń toko bọ̀, mo bá a nínú ẹrẹ̀ dé orúnkún.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe èèyàn kí wọ́n wá tì í."

"Èèyàn kẹ̀? Ṣebí kọ̀ǹpútà yín ní kò séèyàn níbí."

Ó yọ fóònù ẹ̀, ó ti kú. "Níbo ni mo ti lè ṣáàjì?"

"Ìkàrẹ́ ni, ọ̀gá."

Fóònù tèmi wà nínú agbọ̀n lórí mi, ṣáàjì ẹ̀ kún bámúbámú. Mo bá tèmi lọ.

Òjò ti ń ṣú báyìí o. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n padà lọ ràn án lọ́wọ́ ni, àbí kí n kọ́kọ́ gúnyán?