Ìdérí Ẹ̀tù Mẹ́rin

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ìbọn ṣakabùlà kan ló ń bọ́ gbogbo ilé wa. Bàbá mi ló ni ín. Ọdẹ ni, Mùsùlùmí òdodo sì ni pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Chicago níbí, tí ẹ ń ra ẹran nínú ọ̀rá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìbọn náà ṣe rí fún yín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè yìn ín. Bí ọdẹ bá ta àṣìta, ẹran ti lọ nìyẹn, àfi kó jókòó kó tún máa ki ìbọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tí bàbá mi kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tù ṣeré. Ìdérí ìgò kékeré kan ló fi ń wọ̀n ọ́n. Bó bá ra ẹ̀tù tuntun, á há ewé kókò mọ́ ara òkìtì ọ̀gán, á yìnbọn sí i, á sì lọ ka ihò ara ewé náà. Bí ọta bá fọ́n káàkiri, á dín ẹ̀tù kù díẹ̀, á tún dán an wò. Ó lè wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá mi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ewé tí ọkọ òun pa pọ̀ ju ẹran tó pa lọ. Bàbá mi á ní kò burú, ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní oúnjẹ tó bá a lára mu. Ti ìbọn tirẹ̀, ìdérí méjì ni, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín.

Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ilé kéú ni mo ti ń bọ̀. Àfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa pé ẹni tí a bá kí ní àsàlámù àlékúmù, dandan ni kó dáhùn. Inú mi dùn sí ẹ̀kọ́ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo bá bàbá mi lábẹ́ igi ọsàn iwájú ilé, ìbọn wà láàárín itan rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ da ìdérí kejì sínú rẹ̀ ni. Mo kúnlẹ̀, mo fi gbogbo ohùn mi kí i. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó dáhùn látòkèdélẹ̀, ó tún wá ṣàdúà fún mi, àdúà náà gùn bí ìgbà tí wọ́n ń sọmọ lórúkọ. Nígbà tó parí, ó wo ìdérí ọwọ́ rẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó sì tún bu ẹ̀tù. Ó da ọ̀kan. Ó da èkejì.

Mo rí i. Mo ka mẹ́rin. Mo mọ̀ pé méjì ló máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n nílé wa, ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé ó ṣì í ṣe. Ẹni tó bá dán an wò, etí rẹ̀ á gbóná. Mo sọ nínú ara mi pé bóyá ẹfọ̀n ló fẹ́ lọ pa lónìí, mo sì wọlé lọ jẹ ẹ̀bà.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé e dé. Ìbọn ti bẹ́ sí i lọ́wọ́. Ìka mẹ́ta lọ lára ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò sì ṣọdẹ mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní ẹ̀tù náà ni kò dára. Ni gbogbo ilé bá di ẹ̀bi ru alágbẹ̀dẹ tó tà á fún un, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ọkùnrin náà búra, ó sunkún, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kó kúrò ládùúgbò wa. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá bàbá mi gbàgbé ni, àbí ó ń bò mí láṣìírí. N kò bi í. Mo wá sí Amẹ́ríkà, ó sì kú lẹ́yìn mi.

Ọmọ mi ọkùnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Olympia Fields, ẹ̀bá Chicago níbí, iṣẹ́ apòògùn ló ń ṣe. Òun náà ní ìbọn ọlọ́ta kan tó fi ń pa àgbọ̀nrín bí ìjọba bá ti ṣí ọdẹ sílẹ̀. Kì í ra ọta tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀. Yàrá abẹ́ ilé ló ń jókòó sí, tí á máa fi òṣùwọ̀n oníná wọn ẹ̀tù sínú èèpo ọta lọ́kọ̀ọ̀kan, tí á máa kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, tí á lọ yìn wọ́n sára páálí láti wo bí ihò wọn ṣe súnmọ́ra tó.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ níbẹ̀, mo ní àsàlámù àlékúmù. Kò dáhùn. Mo tún un sọ, kò tiẹ̀ gbórí sókè. Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Ṣé òyìnbó ti gba sàlámù lẹ́nu ẹ ni? Èmi tí mo bí ẹ!"

Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló gbọ́wọ́ sókè sí mi. "Grandma, ẹ dúró! Daddy is counting."

Mo ń wá nǹkan tí n ó fi lu ọmọ yìí lọ́wọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ parí, tó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Wàlékúmù sàlámù, Mummy. Ẹ má bínú, ma. Tí mo bá dáhùn, I might double one, kí n da ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì sínú èèpo kan. Ìbọn lè bẹ́ sí mi lójú."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún bí ọmọdé, mo sì sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ mi dì mọ́ mi, ó ní ọmọdé ni mí nígbà náà, n kò mọ̀. Mo ní irọ́ ni, mo mọ̀, mo kà á. Ọmọ ọmọ mi ní, "But Grandma, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?"

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí àwa ìyá bá pàdé ní mọ́sáláṣí, ẹjọ́ àwọn ọmọ ibí là ń rò, pé wọn kò ní ẹ̀kọ́, pé wọ́n ń bá àgbà jiyàn, pé wọn kì í pa ẹnu mọ́. Ohùn tèmi ló máa ń ròkè jù níbẹ̀. N kò bá wọn dá sí i mọ́ báyìí. Ká ní ibí ni wọ́n bí mi sí, ǹ bá ti lanu lábẹ́ igi ọsàn yẹn, bàbá mi ì bá sì mú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rẹ̀ wọ sàréè.