Àjẹkù

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá kí n tó tún padà di akẹ́kọ̀ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú Ọ̀fà wa níbí ló ṣí kíláàsì fún ará ìlú, lórí bí ayé ṣe ń bàjẹ́ àti bí a ṣe lè gbé inú rẹ̀ kí ó má baà tán mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́. Obìnrin ará Èkìtì kan ló ń kọ́ wa. Ó fi òkun tó ń gbé ìlú mì hàn wá, ó fi oko tó ti di aṣálẹ̀ hàn wá, ó sì ní kí n bá òun wá orúkọ Yorùbá tó gún régé fún ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi rò ó. Àjẹkù ni mo gbé wá, nítorí àwọn àgbà ní àjẹkù là ń mayo: ẹni tó jẹ tó ṣẹ́kù la mọ̀ pé ó yó. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó, gbogbo kíláàsì dà á kọ. N kò ní purọ́, orí mi wú.

Ó wá ní kí oníkálukú kọ bí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ yóò ti rí lójú ayé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Oko wa lọ́nà Ilemona ni mo fẹ́ kọ, pẹ̀lú igi irúgbá mẹ́sàn-án tí bàbá wa fi sílẹ̀, tí ìyá wa ń fi èso wọn ṣe irú tà, tó fi rán wa níléèwé. N kò tí ì kọ ìlà kan tí àbúrò mi tó ń dá oko náà fi pe ìpàdé ẹbí. Àwọn tó ń sun èédú fẹ́ ra àwọn igi náà. Èmi ni olórí ẹbí. Bí n kò bá gbà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Mo sọ fún wọn nípa òjò tí kì í rọ̀ lásìkò mọ́, nípa odò tó ń gbẹ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé ìdajì. Mo wá fi àjẹkù dé e ládé. Ìyàwó àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun rò pé ajá ni wọ́n ń gbé àjẹkù fún. Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Àgbàdo rẹ̀ ti gbẹ lórí ìdúró lẹ́ẹ̀mejì léra wọn. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń dáná nílé rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “èdè yín dùn. Ẹni tó yó ló ń jẹ ṣẹ́kù. Ta ló yó níbí?”

Ó tún ní, “Kí ni wọ́n sì fi se ọbẹ̀ tí ẹ jẹ lánàá?”

Èédú ni. Látìgbà tí gáàsì ti gbówó lórí ni ìyàwó mi ti padà sídìí èédú, tí mo sì ń jẹ ọbẹ̀ náà láìbéèrè.

Mo wá èsì nínú gbogbo òwe tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò rí. Mo dákẹ́. Mo gbàgbé pé nílé wa, bí olórí ẹbí bá ti dákẹ́, ó gbà nìyẹn. Àbí mo mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé ni? N kò lè sọ. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n dìde.

Nígbà tí mo fi dé oko lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀rọ ìgégi ti dákẹ́. Kùkùté mẹ́sàn-án ni mo kà, omi ara wọn ṣì ń sun. Àbúrò mi bu omi fún mi, ó ní kí n jókòó. Orí kùkùté ni mo jókòó sí, nínú oòrùn, nítorí kò sí ibòji mọ́.